Ológun Tó Gun Ẹṣin Láti Fi Òtítọ́ Hàn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó gun ẹṣin la igbó orí òkè Amẹ́ríkà já, aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ wa ń rò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Èkó níbí ló sì kú sí.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Charles Young sí ní Kentucky, ní 1864. Ní 1903, ó kó àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ dúdú láti San Francisco lọ sí igbó Sequoia ní California. Ọjọ́ 16 ni wọ́n fi rìn. Wọ́n ṣọ́ igbó náà lọ́wọ́ ọdẹ àti darandaran. Ibi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti ẹṣin nìkan ló ń dé tẹ́lẹ̀, wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì. Lójú tèmi, àwọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn aláwọ̀ funfun kan kò fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1918, ó gun ẹṣin láti Ohio dé Washington, nǹkan bí 500 máìlì, kí wọ́n lè rí i pé ara òun le. Síbẹ̀, wọn kò rán an lọ sójú ogun.

Ó kú ní 1922, nígbà tó ń ṣojú àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Liberia.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Young pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2022 ni wọ́n tó fi í jẹ oyè Brigadier General. Ó yẹ kí àwa náà máa dárúkọ rẹ̀.