ÌJÀPÁ ÀTI MẸ̀SÍ: KÍ LA FI Ń GBA KÍ?

Ẹnì kan nínú ìjọ bi wá pé ṣé kò burú kí òun fi Ìjàpá tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ Mẹ̀sí àtijọ́ lọ́wọ́ arákùnrin kan. Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ìtàn ọkọ̀ méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa tà á.

Jámánì ni méjèèjì ti wá. Mẹ̀sí lẹ̀gbọ́n. Ní 1886 ni Karl Benz gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ tó ṣe. Ní 1888, Bertha ìyàwó ẹ̀ kó ọmọkùnrin wọn méjì sínú ọkọ̀, ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim, ó lé ní 100 kìlómítà, kò sì sọ fún ọkọ ẹ̀. Nígbà tí epo tán lọ́nà, ilé apòògùn ló ti rà á. Ìgboyà obìnrin yẹn ló jẹ́ káráyé gbà pé ọkọ̀ náà wúlò.

Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen, ayé Hitler ni Ferdinand Porsche ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa san máàkì 5 lọ́sẹ̀, tó bá pé, wọ́n á gba ọkọ̀. Àwọn tó san lé ní 300,000. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ilé iṣẹ́ yí sí nǹkan ogun, kò sẹ́nì kan ṣoṣo nínú wọn tó rí ọkọ̀ gbà. Ẹ rí i bí ìlérí èèyàn ṣe rí! Lẹ́yìn ogun ni ọkọ̀ náà wá dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí wọ́n fi ṣe ìkẹyìn ẹ̀ ní Mẹ́síkò ní 2003, ó ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ní 1975, ó dé ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ibùdókọ̀ tí à ń pè ní Volks lójú ọ̀nà Bádágìrì, ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà l'Ọ́jọ́ ló fún un lórúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to Ìjàpá, Passat àti Igala. Tíṣà ń ra Ìjàpá, nọ́ọ̀sì ń rà á. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ tí omi ẹ̀ máa hó. Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ní tiẹ̀, ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá ni.

Nígbà tí SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun wá wọ́n gógó. Iṣẹ́ rọlẹ̀ l'Ọ́jọ́. Tòkunbọ̀ gba Kútọnú wọlé, ó gba ìgboro. Mẹ̀sí tí àwọn Jámánì ti lò tẹ́lẹ̀ la wá ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. A ò sọ pé ìdúpẹ́ ò dáa o. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè wa ló ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn: a fi èyí tí ọwọ́ àwọn ọmọ wa ń tò gba èyí tí ẹlòmíì ti lò. Mọ́tò nìkan kọ́ ló lọ, iṣẹ́ ọwọ́ bá a lọ.

Ẹ rántí Ísọ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì 25. Oúnjẹ tó jẹ kì í ṣe oúnjẹ burúkú. Ohun tó fi gbà á ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, pàṣípààrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ Ìjàpá tí bàbá fi sílẹ̀, ogún gbogbo ọmọ ni. Ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín kọ́kọ́ jókòó, títí kan àwọn obìnrin. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásì bóyá wọ́n bá ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì. Tí ìpẹtà bá ti jẹ abẹ́ Ìjàpá, ẹ sọ ọ́. Tí omi Mẹ̀sí bá ń hó, ìwọ arákùnrin, sọ ọ́. Òṣùwọ̀n èké kò yí padà torí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ jọ wà. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ inú ìwé ọkọ̀ padà lọ́fíìsì ìjọba.

A ti rí ará tó di ọ̀tá torí mọ́tò. Mọ́tò á dípẹtà, ará ò gbọdọ̀ dípẹtà.

Olúwa ò ní jẹ́ ká fi ohun tó níyì gba ohun tó ń dán lásán. Ẹ bá wa ṣe Àmín.