Àdéhùn Àìpẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ilé-ẹjọ́ Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà, 1984 sí 2019

Kókó ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ẹ̀tọ́ tí òfin fún olùjẹ́jọ́ ṣe di ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba ń gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ èyí ní 1894 nínú ẹjọ́ McKane. Òfin tí àwọn aṣòfin ṣe ni ẹ̀tọ́ náà rọ̀ mọ́. Òfin àtúntò ìdájọ́ ti 1984 ni ó fún olùjẹ́jọ́ àti ìjọba láyè láti pe ẹjọ́ lórí iye ọdún ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ bá dá. Ìlànà ìṣirò ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 1987. Ìṣirò náà díjú, ọ̀nà àṣìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí ó bá gbà pé òun jẹ̀bi kò ní pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́. Ní 1990, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ẹkùn kẹrin àti ti ẹkùn kẹsàn-án fọwọ́ sí i, nínú ẹjọ́ Wiggins àti ti Navarro-Botello. Èrò tí ó gbé e ró ni pé bí ènìyàn bá lè jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin ìpilẹ̀ fún un, kò sí ìdí tí kò fi lè jọ̀wọ́ èyí tí òfin lásán fún un.

Èrò yìí fa ni mọ́ra, ṣùgbọ́n ó fo ohun kan. Ẹni tí ó jọ̀wọ́ ìgbẹ́jọ́ mọ ohun tí ó jọ̀wọ́. Ẹni tí ó jọ̀wọ́ kòtẹ́milọ́rùn ń fọwọ́ síwèé lórí àṣìṣe tí adájọ́ kò tíì ṣe. Àwọn àgbà wa kì í sọ ọmọ lórúkọ kí ìyá rẹ̀ tó bí i. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Melancon ní ẹkùn karùn-ún, Adájọ́ Robert Parker sọ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó fara mọ́ ìdájọ́ àwọn yòókù, nítorí pé ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá ti dè é lọ́wọ́. Ní ojú tiwa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó lágbára jù nínú gbogbo ìtàn yìí, bí kò tilẹ̀ borí.

Àtúnṣe ìlànà ti 1999 pàṣẹ pé kí adájọ́ máa ṣàlàyé àdéhùn náà fún olùjẹ́jọ́ ní gbangba; àwọn tí ó ṣe é kò sọ bóyá àdéhùn náà tọ́. Ní 2001, nínú ẹjọ́ Teeter, ẹkùn kìn-ín-ní ní ó múlẹ̀, àfi bí títẹ̀lé e yóò bá dá ìrẹ́jẹ sílẹ̀. Wọn kò sì fi de olùjẹ́jọ́ náà, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́ nígbà tí ó gbà pé òun jẹ̀bi tako ohun tí ó wà nínú ìwé.

Ẹjọ́ Garza ti 2019 wá láti ìpínlẹ̀ Idaho, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ de ilé-ẹjọ́ gbogbo. Agbẹjọ́rò kan kọ̀ láti fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn tí oníbàárà rẹ̀ ń béèrè ránṣẹ́, ó ní àdéhùn ti dí ọ̀nà. Ọjọ́ tí òfin dá sì kọjá. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní kò sí àdéhùn tí ó dí gbogbo ọ̀nà pátápátá, wọ́n sì dá a láre. Ṣùgbọ́n wọ́n yẹra fún kíka àwọn ọ̀nà tí ó ṣẹ́kù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.