Bí Òbí Ṣe Ń Bá Ọmọ Wáṣẹ́ Nílẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹrù òbí ni iṣẹ́ ọmọ kí ilé ìwé tó dé, ẹrù òbí náà ló sì jẹ́ lẹ́yìn tí ilé ìwé dé. Ẹni tí òbí ń lọ bẹ̀ nítorí ọmọ ló ń yí padà. Ó jẹ́ baálé àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà kan, ó di àlùfáà ìjọ àti ọ̀gá ilé ìwé, ó wá di ọmọ ìlú tó wà nípò ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Àbújá.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ọmọ kì í wáṣẹ́ kiri; iṣẹ́ ló ń dúró dè é. Ọmọkùnrin a bá bàbá rẹ̀ lọ sóko títí bàbá yóò fi pín oko fún un, tí yóò sì gbé ìyàwó fún un. Ọmọbìnrin a kọ́ òwò tàbí aṣọ híhun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n so mọ́ ìdílé, bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, onílù àti agbẹ́gilére. Ọmọ tí kì í ṣe ti ìdílé bẹ́ẹ̀ lè kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òbí rẹ̀ ni yóò mú un lọ, òbí náà ni yóò sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá jalè tàbí tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ òbí ni ọ̀gá ń bọ̀. Ìgbọ̀wọ́ yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e: ẹni tó bá ni wáṣẹ́ ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró.

Ìwọ̀fà náà wà, kò sì yẹ kí ìtàn bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá tí gbèsè há mọ́ lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kò dín gbèsè kù rárá, èlé owó ló dúró fún, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí owó san. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá fi òfin dá a dúró. Ẹni tó bá ń yin ìṣọ̀kan ẹbí ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ rántí pé ọwọ́ òbí kan náà tó ń fa ọmọ lé ọ̀gá rere lọ́wọ́ ló tún ń fi ọmọ dúró fún gbèsè.

Ẹmu dídá jẹ́ iṣẹ́ kan tí àwọn ará ìta fi mọ Ìlá dáadáa. Adẹ́mu kì í jókòó sí ìlú rẹ̀ nìkan. Ó ń lọ sí ibi tí ọ̀pẹ bá pọ̀ sí, ó ń bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn, ó ń pàgọ́ síbẹ̀. Bí ọ̀pẹ bá ju agbára rẹ̀ lọ, á ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò òun ránṣẹ́. Ọmọ náà a kọ́ bí a ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ, bí a ti ń dá a lẹ́nu, àti bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá dá dúró, òun náà a pe ẹlòmíràn láti ilé.

Ìtàn ìdílé Fákẹ́yẹ fi hàn bí ìlànà yìí ṣe lágbára tó àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lámidì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1928, jẹ́ ọmọ agbẹ́gilére, àwọn baba ńlá rẹ̀ náà sì jẹ́ agbẹ́gilére. Ilé ló ti kọ́kọ́ mú àáké. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dàgbà, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kírísítì ti gbilẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ère sójúbọ sì ti ń dín kù. Iṣẹ́ ìdílé wà, oníbàárà rẹ̀ ló ń tán lọ. Ọ̀nà mìíràn là ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, ti bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà ní 1947. Ibẹ̀ ni Lámidì ti di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, ọmọ Areogun, ọ̀gá agbẹ́gilére ará Òsì. Mùsùlùmí ni Lámidì, ilé iṣẹ́ ìjọ Kátólíìkì ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í ṣe ará Ìlá. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìjọba, ó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà níbẹ̀. UNESCO dá a lọ́lá ní 2006. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2009.

Nígbà tí ọ̀nà là fún un, kò dá gbà á. Ó kó àwọn ọmọ ẹbí mọ́ra, ó kọ́ wọn níṣẹ́, Bísí Fákẹ́yẹ sì wà lára àwọn tó fi iṣẹ́ náà lókìkí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó dára jù lọ nínú àṣà ìbániwáṣẹ́ ní Ìlá, ibí yìí ni kó wò. Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kọ́ àbúrò ní ohun tí yóò ṣe nígbà tó bá wọlé.

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Òpin ogun Kírìjì, nínú èyí tí Ìlá wà lẹ́yìn Èkìtì Parapọ̀ lòdì sí Ìbàdàn, ló sọ ìrìn àjò di ohun tí ọ̀dọ́ lè dá rìn. Àwọn ọmọ ogun túká ní 1893. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ti dé Kánò nígbà tó fi di 1912. Kò gba Ìlá kọjá. Ará Ìlá ní láti lọ wọ̀ ọ́ ní Ìkìrun, Ọ̀kukù tàbí Ọ̀fà. Síbẹ̀ ó gbé ọmọ Ìgbómìnà lọ sí Èkó àti ìlú Òkè Ọya, àwọn mìíràn sì forí lé oko kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ ni ilé rẹ̀ ń di ilé gbogbo ará ìlú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a sùn síbẹ̀, a jẹun níbẹ̀, títí wọn yóò fi rí iṣẹ́ fún un tàbí kí wọ́n fi ọjà díẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti hù: ìpàdé oṣooṣù, owó ẹgbẹ́, èésú, àti ìròyìn nípa ibi tí iṣẹ́ wà.

Ilé ìwé yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà nígbà náà lè di tíṣà kékeré, akọ̀wé tàbí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ilé ìtajà òyìnbó, bí àlùfáà tàbí ọ̀gá ilé ìwé bá lè kọ̀wé jẹ́rìí ìwà rẹ̀. Ìwé yẹn ni ìgbọ̀wọ́ àtijọ́ ní aṣọ tuntun.

Ààlà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa tún pín àwọn Ìgbómìnà sí méjì. Ìlá àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ bọ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn. Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti púpọ̀ nínú àwọn yòókù bọ́ sábẹ́ Ìlọrin, ní ẹkùn Àríwá. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Ọmọ ìyá kan náà lè wà ní ìhà kejì ààlà láìní àǹfààní yìí. Ní ìdàkejì, ìjọba Àríwá ń fi ọmọ ẹkùn rẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ ọba, ará Ìlá tó bá lọ wáṣẹ́ níbẹ̀ sì di àlejò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni òun àti ará Òmù-Àrán ń sọ.

Àwọn tó wọlé ní 1955 parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1960, iṣẹ́ akọ̀wé kò sì tó wọn. Ìjọba dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí kò rán ọmọ lọ sílé ìwé kó lè padà sóko. Wọ́n fi àwọn ọmọ náà kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, télọ̀ àti káfíńtà. Sara Berry, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1985 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó àti ọmọ wọn lágbègbè Ifẹ̀, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Fathers Work for Their Sons (Bàbá Ń Ṣiṣẹ́ fún Ọmọ). Owó kòkó ni wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Ọmọ tó bá sì fìdí múlẹ̀ ni wọ́n retí pé kó fa àbúrò sókè. Àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀ yìí kan náà ló so ará Ìlá tó wà nílé mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn odi.

Láàárín 1970 sí 1980, owó epo mú kí iṣẹ́ rọrùn láti rí. Ẹni tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, kì í pẹ́ kó tó ríṣẹ́. Ìlá náà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àgbà nígbà tó ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú sì tibẹ̀ di tíṣà láì jìnnà sílé. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ní 1986, ọdún tí ìjọba ológun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) dé, wọ́n tún ní láti dá àjọ ìpèsè iṣẹ́ (NDE) sílẹ̀ nítorí àìríṣẹ́ṣe. Láti ìgbà náà ni bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ti ń gbé fáìlì ọmọ rẹ̀ kiri.

Òfin pàápàá dá sí i. Ìwé òfin 1979 ní kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan gbogbo ẹ̀yà, wọ́n sì dá àjọ tí yóò máa ṣọ́ ọ sílẹ̀ ní 1996. Èrò náà dára, nítorí ìlú kékeré náà gbọ́dọ̀ rí tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ó sọ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá tàbí Ifẹ́dayọ̀ fọwọ́ sí di kọ́kọ́rọ́, ó sì sọ olóṣèlú di ẹni tó ń pín slọ́ọ̀tì, ìyẹn àyè iṣẹ́. Òbí tí kò mọ olóṣèlú kò mọ ìgbà tí slọ́ọ̀tì dé, kò mọ ìgbà tó tán. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2014, ó ju 500,000 ènìyàn lọ tó jáde fún ìdánwò iṣẹ́ àjọ aṣọ́ẹnubodè, Immigration, káàkiri Nàìjíríà, iṣẹ́ tí kò tó 5,000. Ó kéré tán, 15 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀ ní 1991, ọmọ Ìlá, Bísí Àkàńdé, sì ṣe gómìnà rẹ̀ láti 1999 sí 2003. Ọ̀rọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ ló gba ìjọba rẹ̀ lọ́kàn jù, èyí tó fi yé àwọn ará ilé pé kí ọmọ ẹni wà lórí àlééfà kò sọ pé iṣẹ́ yóò wà láti pín. Nígbà tó yá, ìjọba Gómìnà Aregbesola gba 20,000 ọ̀dọ́ sínú ètò ìrónilágbára tí wọ́n pè ní OYES, ₦10,000 lóṣù. Ó ran ilé púpọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi tọ́mọ.

Àwọn ìyá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí báyìí, láìsí ariwo. Nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, nínú ẹgbẹ́ àsálátù, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, ìyá kan a sọ pé ọmọ òun ti parí ẹ̀kọ́, èkejì a rántí àbúrò rẹ̀ tó wà ní báńkì. Tẹlifóònù ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun tó ń dé Lọ́ńdọ̀nù lójú ẹsẹ̀.

Àṣà yìí kì í ṣe ojúsàájú látìbẹ̀rẹ̀; ìgbọ̀wọ́ ni. Ó bàjẹ́ níbi tí orúkọ nìkan ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tó fa ọmọ kalẹ̀ kò fi ohunkóhun dúró, tí ọmọ náà kò sì mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ adẹ́mu tí kò ní ẹnìkan ní Àbújá ló ń ru ìyà rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń dáwó fún gbọ̀ngàn àti ọdún ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fà wọ́n lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ kí ọdún tó tán.