Ẹni tó ń Nu Ẹ̀jẹ̀: Àṣírí Ìdílé nínú Ìwé Oyinkan Braithwaite

Nínú ìtàn ọ̀daràn, apànìyàn ni òǹkàwé sábà máa ń wá kiri. Oyinkan Braithwaite kò fún wa láyè irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ nínú My Sister, the Serial Killer, tó jáde ní 2018. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé Ayọ̀ọlá, arẹwà ọmọ Èkó, ti gún Fẹ́mi pa, àti pé Fẹ́mi ni ọkùnrin kẹta tó pa. Kóredé, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ọlá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń sọ ìtàn náà. Ayọ̀ọlá àti ọ̀bẹ rẹ̀ ló ń gba ojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lójú tèmi, ẹni tó ń nu ẹ̀jẹ̀ ni ìwé náà dá lé lórí.

Ẹ wo balùwẹ̀ Fẹ́mi. Kóredé mọ̀ pé bílíìṣì nìkan kì í fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, nítorí náà ó kọ́kọ́ fọ gbogbo ibẹ̀ kínníkínní, ó yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí wò, kó tó wá da bílíìṣì sí i. Òun àti àbúrò rẹ̀ fi aṣọ wé òkú náà, wọ́n gbé e sínú búùtù ọkọ̀, wọ́n sì jù ú sínú omi láti orí afárá Third Mainland. Bí ẹni tó ń palẹ̀ ilé mọ́ ló ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ọ̀bẹ lọ, torí kò sẹ́ni tí í kọ́ irú rẹ̀ lóòjọ́.

Ilé baba wọn ló ti kọ́ ọ. Baba náà a máa lù wọ́n bí ẹni máa kú. Ayọ̀ọlá kò ju ọmọ ọdún 14 lọ nígbà tí baba náà fẹ́ fà á lé olóyè kan lọ́wọ́ nítorí òwò. Ọ̀bẹ baba yìí gan-an ni Ayọ̀ọlá ń lò. Síbẹ̀, nígbà tí ikú baba náà pé ọdún 10, àríyá ìrántí ni ẹbí ń múra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ sí ìkà nínú ilé di ẹni iyì lójú ayé.

Àwọn kan lè sọ pé ìyà àná ló sọ Ayọ̀ọlá di apànìyàn, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ọmọ méjì ni wọ́n jọ jẹ ìyà kan náà; ọ̀kan mú ọ̀bẹ, èkejì mú bílíìṣì. Kóredé sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní máa lọ jókòó ti Muhtar, aláìsàn tí kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti tú gbogbo àṣírí fún un. Etí tí kò lè dáhùn ló yàn. Ẹ̀yìn náà ni Muhtar jí, ó sì rántí.

Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí rán Lápàdé, akọni ìtàn náà, jáde lọ bá àwọn ọ̀daràn jà níta. Braithwaite kò ní Lápàdé kankan. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ikú ilé yẹn ni obìnrin yìí kọ ìwé lé lórí, ó sì fi àánú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àánú kò fọ Kóredé mọ́. Nígbà tí Ayọ̀ọlá kọ lu Tádé, dókítà ní ilé ìwòsàn tí Kóredé ti ń ṣiṣẹ́, tí Ayọ̀ọlá fúnra rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́, Kóredé mọ òtítọ́, irọ́ ló fi gbe àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Aláìṣẹ̀ ló jìyà rẹ̀.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá: ẹ gbé ìwé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òkédìjí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí ẹ̀bi Kóredé.