Ìdè Orúkọ àti Ìwà Ohun

Ní ọdún 1957 ni John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM gbé èdè FORTRAN jáde fún pípàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ní 1958, FORTRAN II fàyè gba ètò kékeré tí ètò ńlá lè rán níṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti yọjú. Kì í ṣe iye gan-an ni a ń fi lé ètò kékeré lọ́wọ́, bí kò ṣe ojúlé tí iye náà ń gbé. Bí a bá fi 4 rán an, tí òun sì fi 1 kún un, 5 ni yóò wọ ojúlé 4. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, láti ìgbà náà lọ, ibi tí a bá tún ti kọ 4 nínú ètò ńlá náà, 5 ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí. Ta ni ì bá rò pé àrùn lè ran nọ́ńbà!

Ohun méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀ níhìn-ín: ìdè tí ó so orúkọ mọ́ ohun kan, àti ìwà ohun náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé, Àjàyí ni títí ayé. Síbẹ̀, Àjàyí lè sanra, ó sì lè rù.

Bjarne Stroustrup, ọmọ Denmark, mú ọ̀rọ̀ náà const wọ inú èdè tí a wá mọ̀ sí C++. Àwọn tí ó ṣòfin èdè C ní Amẹ́ríkà ní 1989 sì yá a lò. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni const ń tì. Bí ohun náà bá ní ilẹ̀kùn mìíràn, ẹni tí ó gba ibẹ̀ wọlé lè tún un ṣe bí ó ti wù ú.

Ti JavaScript ni ó ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Const wọ inú òfin èdè náà ní 2015. Ẹni tí ó fi í sọ àkójọ kan lórúkọ kò lè gbé orúkọ náà fún àkójọ mìíràn. Àmọ́ kò sí ohun tí ó ní kí ó má fi nǹkan kún àkójọ ọ̀hún, tàbí kí ó má yọ nínú rẹ̀. Orúkọ dúró, ikùn igbá ń yí padà. Òdìkejì rẹ̀ ni Python ti 1991: ẹnikẹ́ni kò lè pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sínú rẹ̀, orúkọ ọ̀rọ̀ náà sì ń ṣí kiri láìsí ìdíwọ́.

Láti 2009 ni JavaScript ti ní Object.freeze, tí ó ń mú kí ohun fúnra rẹ̀ dì gbagidi. Ìpele òkè nìkan ni òun náà ń dè: àkójọ tí ó bá wà nínú àkójọ ṣì wà ní títú sílẹ̀, àfi bí a bá tún dè é lọ́tọ̀.