Omi Ọ̀ṣun, Omi Nàná, Omi Òṣùmàrè Létí Ìlú Salvador

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Ìdáàṣà, ní Àjàṣẹ́, títí dé Àtakpamé. Ìrìn kékeré kan la fẹ́ fi ẹnu mú yín rìn lónìí. Kì í ṣe ìrìn tó ń mú ènìyàn mí hẹlẹ. Ọmọdé lè rìn ín, àgbàlagbà tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ náà lè rìn ín. Ẹ ó máa tẹ̀lé odò nínú igbó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ìró omi níbi tó ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Bí ẹ bá wá bi àwọn ará ibẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe omi náà, orúkọ tí wọ́n máa dá yín lóhùn kò ní ṣàjèjì sí yín. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀ṣun. Òmíràn ń jẹ́ Nàná. Òmíràn sì ń jẹ́ Òṣùmàrè.

Ibẹ̀ kì í ṣe Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Etí ìlú Salvador ni, ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Igbó São Bartolomeu ni wọ́n ń pè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pirajá, ní apá ibi tí àwọn mẹ̀kúnnù ìlú náà ń gbé. Salvador kì í ṣe ìlú kékeré. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 2022, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lé ní 2,400,000. Àwọn Potogí ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1549, òun náà sì ni olú-ìlú Bùràsíìlì títí di 1763. Àwọn Àgùdà wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Bahia fún wọn, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti wọkọ̀ padà wá sílé.

Odò Cobre ni odò tó gba inú igbó náà kọjá. Bàbà ni èdè Potogí ń pè ní cobre, àwa tí a sì mọ ohun tí ide àti bàbà jẹ́ lójú Ọ̀ṣun, a kàn rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọ. Wọ́n ti dí odò náà níbì kan látijọ́ kí àwọn ará ìlú lè rí omi lò, ìyókù rẹ̀ ń ṣàn lọ títí ó fi dé etí òkun, níbi tí àwọn apẹja ń gbé. Igbó tó yí i ká wà lára ìwọ̀nba igbó àtijọ́ tó ṣẹ́kù láàárín ìlú náà. Lójú àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà, ilé ewé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹbọ sí.

Ẹni mímọ́ àwọn Kátólíìkì ni Bartolomeu tí igbó náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni ọdún rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò lè bọ òrìṣà ní gbangba, wọ́n bá fi ẹni mímọ́ bo òrìṣà lójú. Òṣùmàrè ni wọ́n fi sábẹ́ Bartolomeu. Bí ọjọ́ náà bá pé, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, ẹni tó ń lọ sídìí omi ń lọ, ẹlòmíràn a sì lọ síbi méjèèjì, kò sì rí ohun tó burú ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Nàná, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Òṣogbo ni ojúbọ Ọ̀ṣun tó lókìkí jù wà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń wá orírun Nàná Bùkúù, ẹkùn tiwa ni yóò wá: Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀, àti ìwọ̀-oòrùn lọ sọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ti Àtakpamé. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Bahia àti ilẹ̀ wa, rìn káàkiri agbègbè yìí nítorí rẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ìyá àgbà ni Nàná ní Bahia. Òun ló ni ẹrẹ̀ àti omi tó dákẹ́. Òun ni wọ́n sọ pé ó bí Ọmọlú àti Òṣùmàrè, nítorí náà ìyá àti ọmọ ló jọ wà nínú igbó yẹn. Ọ̀bẹ irin kì í kan ohun tí wọ́n bá fi bọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní Nàná nílé, ṣé ẹ rí i pé èèwọ̀ yín nìyẹn? Ó la òkun kọjá, ó sì dé ọ̀hún láìyingin.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ojú ogun ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń já wọ ìletò àti ìlú wa, wọ́n ń kó ènìyàn lọ tà ní etíkun, ọkọ̀ Bahia sì ń dúró ní Ajúdà. Ìtàn ilé Aláketu ní Salvador, tí wọ́n ń pè ní Ilé Maroialaje, ni pé ọmọbìnrin kan láti ìdílé Arò, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé márùn-ún tó ń jọba ní Kétu, ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbé lọ ní kékeré. Otampê Ojarô ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdílé rẹ̀ ló ń di ilé náà mú láti ìgbà náà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Bahia ló ń sọ pé ọmọ Kétu làwọn, bí ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ibi tí Kétu wà lórí ilẹ̀ ayé. Nígbà tí Dàhòmì fọ́ Kétu túútúú ní 1886, tí ìlú náà dahoro fún bí ọdún mẹ́jọ, wọ́n ń pe orúkọ Kétu nínú orin ní Salvador. Nígbà míràn a máa ń rò ó pé ibẹ̀ ni wọ́n bá wa tọ́jú orúkọ náà sí.

Orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè wọ́n ni Nàgó. Orúkọ tí àwọn aládùúgbò wa ń pe àwa náà ní Bẹ̀nẹ̀ ni. Ní Bahia, bóyá Ọ̀yọ́ lo ti wá ni o, bóyá Ẹ̀gbá, bóyá Ṣábẹ̀, Nàgó ni gbogbo yín.

Igbó kì í ṣe ibi ìjọsìn nìkan fún ẹrú. Ibi ìsásí ni pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1826, àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ti dó sínú igbó ẹ̀gbẹ́ Pirajá, ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Urubu. Igún ni urubu. Àwọn amúsáàsá, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti máa wá ẹrú mú nínú igbó, ló kọ́kọ́ kọlù wọ́n, wọ́n sì lé wọn padà pẹ̀lú òkú. Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà dé. Ọ̀bẹ, àáké àti ọ̀kọ̀ ni àwọn ará ibùdó náà ní lọ́wọ́, wọ́n sì dúró jà. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Zeferina. Ọfà àti ọrun ni tirẹ̀. Ìwé tí àwọn aláṣẹ kọ nígbà náà gan-an sọ pé òun ló ń pe àwọn jagunjagun jọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n mú òun wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n mú un tán, tí wọ́n bi í léèrè, ó sọ fún wọn pé àwọn ẹrú ìgboro, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó, ni àwọn ń retí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì kí àwọn tó jọ dìde. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1822, ogun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní Pirajá kan náà, níbi tí àwọn ará Bahia ti lé àwọn Potogí sẹ́yìn. Faransé kan tó ń jẹ́ Labatut ni ọ̀gágun wọn, Pirajá náà ni wọ́n sì tọ́jú egungun rẹ̀ sí. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 1 oṣù keje, wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ sáré gbé iná wá sí Pirajá láti ìlú Cachoeira fún ìrántí òmìnira yẹn. Ohun tó dára ni, a kò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n òmìnira ta ni? Ẹrú ṣì wà lẹ́rú. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú jáde ní Bùràsíìlì, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin lẹ́yìn ogun Pirajá. Lójú tiwa, Zeferina ló mọ ohun tí òmìnira jẹ́.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Kérésì 1826 kò kú tán. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Nàgó Mùsùlùmí pẹ̀lú àwọn Haúsá dìde láàárín ìgboro Salvador. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ìmàle tiwa. Wọ́n ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba dájú sọ gbogbo aláwọ̀dúdú tó ti gba òmìnira. Wọ́n kó àwọn kan sínú ọkọ̀ lé wálé, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀. Wọ́n sọ̀ sí Ajúdà, Àgọ́ọ̀wé, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ló di Àgùdà. Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì, tó lọ́dà aláràbarà. Irú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Salvador ni àwọn ọmọ Àgùdà Mùsùlùmí fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Lóṣù kìn-ín-ní ọdọọdún sì ni àwọn Àgùdà Kátólíìkì ń ṣe ọdún Bonfim, tí wọ́n ń gbé Burian jáde. Orúkọ ọdún ńlá Salvador kan ni Bonfim.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí omi, nítorí ohun kan ń dùn wá. Omi Ọ̀ṣun ti dọ̀tí. Láti nǹkan bí ọdún 1970 lọ sókè ni àwọn tálákà tí kò ríbi gbé ti ń kọ́lé yí igbó náà ká, kò sì sẹ́ni tó ṣe ojú ọ̀nà ìdọ̀tí fún wọn. Inú odò ni omi ìgbẹ́ àti omi ìwẹ̀ ń lọ. Ìjọba fi òfin dá odò náà àti igbó rẹ̀ sí ní 2001, ṣùgbọ́n òfin kò gbọ́n ìdọ̀tí. Àwọn olórìṣà ń ráhùn pé àwọn kò lè fi ọmọ tuntun wẹ níbi tí ìyá àwọn ti wẹ̀, pé ẹ̀rù àwọn ọlọ́ṣà ń bà wọ́n lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lọ. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí, wọ́n ń mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rìn ín, wọ́n ń sọ ìtàn Zeferina fún wọn lójú ọ̀nà. A kò dá àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó láti ọ̀dọ̀ wa náà ni.

Ẹ̀yin àgbà Ìdáàṣà, ẹ̀yin àgbà Ṣábẹ̀, ẹ̀yin Ifẹ̀ ti Àtakpamé: níbo ni ẹ ti ń pọn omi Nàná ní ìlú tiyín, kí ni wọ́n sì ń pe ibẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Ẹni tó bá mọ orin ibẹ̀, kó gbà á sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. A ó wá ọ̀nà fi ránṣẹ́ sí wọn ní Salvador.