Iná, Epo àti Ilé Ìtajà Ńlá ní Ìlọrin

Ohun tí mo gbé wá síwájú yín lónìí jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ìtàn rárá, èyí nì ni iná tí ilé ìtajà ńlá ń lò. Èrò mi ni pé bí a kò bá mọ bí èéfín ṣe di ara òwò ní ìlú yìí, a kò lè mọ ọ̀nà tí a ó gbà mú un kúrò.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìlọrin ní ọdún 1908, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá àti láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé ní ọjà wa. Oòrùn ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọjà náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, fìtílà ni wọ́n ń tàn sórí àtẹ. N kò sọ èyí láti yin ayé àtijọ́, nítorí ẹja tútù a máa rà mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ọjà náà kò nílò epo kí ó tó ṣí.

Kingsway, tí ó ṣílẹ̀kùn ní Marina ní Èkó ní ọdún 1948, wà lára àwọn tí ó kọ́ wa láti ra oríṣiríṣi ọjà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Shoprite dé Èkó ní ọdún 2005; ní ẹ̀wádún tí ó tẹ̀ lé e, ó dé Ìlọrin, nínú ilé Palms. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fi fèrèsé gba ìmọ́lẹ̀, àwọn firíìjì rẹ̀ kì í sì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyí. Láti ọdún 1968 ni omi Odò Ọya ti ń yí ẹ̀rọ iná ní Kainji, Jẹ́bà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1985, láìsí èéfín. Ìlọrin kò jìnnà sí Jẹ́bà. Síbẹ̀, nítorí pé iná orí wáyà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, oníṣòwò ra jẹnẹrétọ̀, ó sì ra èkejì tì í.

Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan, bí ó bá jó, a máa tú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.7 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí ojú ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí a ní ẹ̀rọ kan ń mu lítà 20 ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́wàá: ó ti ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ ní ọjọ́ kan. Èyí tí ojú kò rí tún wà. Afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní R-404A, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ firíìjì ńlá, burú débi pé bí kìlógíráàmù kan rẹ̀ bá jò dànù, ìpalára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kìlógíráàmù 3,900 kábọ́ọ̀nù. Nítorí náà, kí a tó gun òrùlé lọ gbé sólà kọ́, kí a kọ́kọ́ dí ibi tí ó ń jò, kí a sì fi ìlẹ̀kùn gíláàsì sí firíìjì tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Lẹ́yìn èyí ni òrùlé. Òrùlé ilé ìtajà fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Ìgbà tí oòrùn mú jù lọ ni firíìjì ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Bátìrì ni ó wọ́n, ọyẹ́ sì máa ń da eruku bo sólà, a gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2005 kan náà ni Walmart ti Amẹ́ríkà kéde pé òun fẹ́ kí gbogbo iná òun wá láti orísun tí kì í tán. Níhìn-ín, owó ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní 2022, dísẹ́ẹ̀lì tí kò tó náírà 300 lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọjá 700 kí ọdún tó parí. Ní oṣù kẹrin 2024, iná orí wáyà fún àwọn tí ó wà ní ìpele kìn-ín-ní fò láti náírà 68 sí 225.

Òfin ojúọjọ́ ti ọdún 2021 ní kí iléeṣẹ́ aládàáni tí ó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Mo béèrè ẹni náà ní ilé ìtajà kan. Wọ́n mú mi gba ẹ̀yìn lọ bá bàbá tí ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Bàbá náà mọ iye lítà tí ẹ̀rọ ń mu lójoojúmọ́. Ó ti fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri, láti oṣù dé oṣù. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ.